Owó Ìrànwọ́ Kékeré fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà àti Olùṣètò Àfihàn

Owó ìrànwọ́ kékeré ni owó tí àjọ kan ń fún ayàwòrán, agbẹ́gilére, onífọ́tò tàbí ẹni tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà kó lè fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó, láìretí pé yóò dá a padà. Kì í ṣe owó yíyá, nítorí a kì í dá a padà. Kì í ṣe owó oṣù. Kì í sì í ṣe owó ọjà, nítorí ẹni tó fúnni lówó kọ́ ló ni iṣẹ́ tó bá tinú rẹ̀ jáde. Níbi tó kẹ́yìn yìí ló ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ bùkátà oníṣẹ́ ọnà láyé àtijọ́. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ọba ló ń bọ́ ọ, ọba ló ń pèsè ibùgbé fún un, ọba náà ló sì ni iṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan lára wọn dé àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ gbà á, ọba ni wọ́n bá dúnàádúrà. Ọba kọ̀, kò tà á. Àga ọba kan tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ìrànwọ́ ni, ọwọ́ agbẹ́gilére ni ilẹ̀kùn náà ìbá wà títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tà á.

Amẹ́ríkà wà lára ibi tí irú ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Iye tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kì í sábà ju dọ́là 10,000 lọ, òmíràn kò sì tó dọ́là 1,000. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá lè ná ìyẹn tán lórí ayẹyẹ alẹ́ kan tí wọ́n fi ṣí àfihàn. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju yàrá kan lọ, owó tó lè yí ọwọ́ iṣẹ́ padà ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn Jacob Lawrence. Ní 1940, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, àjọ Julius Rosenwald fún un lówó ìrànwọ́ kó lè ya ìtàn bí àwọn adúláwọ̀ ṣe ń kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú àríwá. Ó fi gba yàrá iṣẹ́ kan ní òpópónà 125, ní Harlem. Àyè inú yàrá yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe bó ṣe rí. Àwòrán 60 ni Lawrence ní lọ́kàn, ó sì fẹ́ kí pupa inú àkọ́kọ́ àti pupa inú ìkọkànlélógójì jẹ́ pupa kan náà. Ó to àwọn pákó náà káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí dúdú, ó kun ún dé gbogbo ibi tí dúdú yẹ kó wà nínú wọn, lẹ́yìn náà ló tó kan àwọ̀ tó tẹ̀ lé e, títí ó fi dé orí àwọn àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Gwendolyn Knight, tó di ìyàwó rẹ̀ ní 1941, bá a kun ojú pákó ní funfun kí ọ̀dà tó kàn án. Kò sẹ́ni tó lè ṣe irú èyí létí bẹ́ẹ̀dì. Ní 1942, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì pín àwòrán náà rà: Phillips Collection ní Washington kó àwọn tí nọ́ńbà wọn kò ṣeé pín sí méjì, Museum of Modern Art ní New York sì kó ìyókù. Lawrence ni wọ́n sanwó fún, kì í ṣe àjọ Rosenwald. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ṣe àfihàn ní Nàìjíríà ní 1962, tó sì tún padà wá ní 1964 láti gbé ibẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, tó ń ya ọjà àti òpópónà wa.

Rosenwald jẹ́ olówó tó fi ọrọ̀ rẹ̀ ṣe àánú. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà fìgbà kan wà lára àwọn tó ń fún ayàwòrán lówó tààrà. Ní 1965 ni wọ́n dá National Endowment for the Arts sílẹ̀, ó sì ń fún ayàwòrán kọ̀ọ̀kan lówó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 1989, ariwo sọ nílé aṣòfin lórí fọ́tò Robert Mapplethorpe àti ti Andres Serrano, nítorí pé owó àjọ náà wà nínú àfihàn tí wọ́n ti gbé wọn jáde. Àwọn kan ní ìṣekúṣe ni, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀-òdì sí Ọlọ́run ni. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, aṣòfin ti gé owó àjọ náà kù gidigidi, wọ́n sì ti fòpin sí èyí tó ń lọ sọ́wọ́ ayàwòrán kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé ṣì ń rí tiwọn gbà nígbà náà. Àwọn tó ń yàwòrán ni ọ̀pá ìbínú náà bà jù.

Ẹni tí owó rẹ̀ wá dí lára àlàfo yẹn ni Andy Warhol, ayàwòrán tí kò fi ìfẹ́ owó rẹ̀ pa mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ó kú ní February 1987. Ìwé ìhágún rẹ̀ ní kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ òun dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú iṣẹ́ ọnà àfojúrí. Àjọ náà kì í fún ayàwòrán kọ̀ọ̀kan lówó fúnra rẹ̀. Ní 2007 ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn mìíràn ti ń wò kọ́ṣe: yóò kó owó ńlá fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan ní ìlú kan, ẹgbẹ́ yẹn yóò wá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, yóò pín in fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Southern Exposure, ní San Francisco, ló kọ́kọ́ gbà á. Chicago tẹ̀ lé e, àti Kansas City, Houston, Portland ti ìpínlẹ̀ Maine, New Orleans, Baltimore àti àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n báyìí.

Òfin wà lára ohun tó fà á tí àjọ náà fi ń gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ìlú pín owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ aládàáni tó bá fẹ́ máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn agbowó-orí ìjọba lórí ọ̀nà tó fẹ́ máa gbé e gbà. Ó rọrùn púpọ̀ láti fún ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláàánú. Ìdí kejì ló wúwo jù. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní New York kò lè mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ń fi gáréèjì ṣe gálárì ní Kansas City, àti pé àwọn èèyàn àdúgbò ń wọ́ wá síbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú náà mọ̀ ọ́n, ó ti débẹ̀ rí, ó sì mọ èwo nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tòótọ́ àti èwo ló kàn ń fẹnu ṣe é. Bí a bá yọ ìmọ̀ àdúgbò yìí kúrò, owó tín-ín-rín lásán ló kù.

Ìpínlówó kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde. Ẹgbẹ́ tó ń pín in yóò sọ agbègbè tí ètò náà dé, iye tó wà, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò kásẹ̀ ńlẹ̀, àti àwọn tí kò lè béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀, àti ẹni tó bá ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Lọ́pọ̀ ìlú, olùbéèrè kò ní láti ní ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè para pọ̀ béèrè lórúkọ ara wọn. Kí ìkéde má baà dọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan, ẹgbẹ́ náà máa ń ṣe ìpàdé ìtọ́sọ́nà ní ilé-ìkàwé àti gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tí ẹni tí kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ti lè béèrè ohun tí kò yé e.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìwé ìbéèrè: àlàyé iṣẹ́, àpẹẹrẹ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, àti ìṣirò owó. Àlàyé kì í gùn. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe yóò sọ ọ́ láàárín ojú ìwé kan: kí ni, níbo, nígbà wo, ta ni yóò wá wò ó. Àwòrán iṣẹ́ ni ìgbìmọ̀ sábà máa ń wò kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀, nítorí náà fọ́tò tó ṣókùnkùn lè ba ìbéèrè tó dára jẹ́.

Ìṣirò owó ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ti ń kọsẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi dọ́là 5,000 ṣe àfihàn iṣẹ́ ayàwòrán mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Yóò rántí owó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà funfun tí wọn yóò fi kun ògiri, iná, ọkọ̀ tí yóò kó iṣẹ́ wá tí yóò sì kó wọn padà, àti ìwé ìpè. Yóò rántí omi àti ìpápánu fún alẹ́ tí wọn yóò ṣí àfihàn. Ohun tí yóò gbàgbé ni owó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán mẹ́rin náà àti tòun alára. Ó ti mọ́ wọn lára pé ìfẹ́ la fi ń ṣiṣẹ́ ọnà. Ẹni tó kan férémù yóò gbowó, ẹni tó wakọ̀ yóò gbowó, ẹni tó ya ohun tó wà nínú férémù yóò gba oríyìn. Láti ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ kan ní New York tó ń jẹ́ W.A.G.E. ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ilé tó bá gbé iṣẹ́ ayàwòrán síta gbọ́dọ̀ san nǹkan fún un yàtọ̀ sí iye tí wọ́n bá ra iṣẹ́ náà. Ìjà wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àjọ máa wo ìṣirò owó báyìí bóyá oníṣẹ́ ọnà ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa dá a padà fún ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí fọ́ọ̀mù bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, iṣẹ́ kan ìgbìmọ̀ aṣàyàn. Wọn kì í pọ̀: mẹ́ta sí márùn-ún, ayàwòrán, olùṣètò àfihàn, nígbà mìíràn ẹni tó ti gbà á rí. Ibí ni agbára ètò náà àti àléébù rẹ̀ ti pàdé. Ẹni tó mọ ìlú dáadáa ni a fẹ́ kó yàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ ìlú dáadáa ni ọ̀rẹ́, àna àti ọ̀tá rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n sábà fi ń yẹra fún un ni pé wọ́n á mú ẹnì kan tàbí méjì láti ìlú mìíràn mọ́ ọn, wọ́n á máa pààrọ̀ ìgbìmọ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì bá olùbéèrè kan tan yóò jáde kúrò nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún bá délẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan á dá ka ìwé nílé, á fún un ní máàkì, wọn á wá jókòó papọ̀ láti jiyàn lórí àwọn tó wà láàárín. Àwọn tó ta yọ kì í gba àkókò, àwọn tó kùnà pátápátá náà kì í gbà á. Gbogbo ìjókòó ń lọ sórí àwọn tí ìdajì ìgbìmọ̀ fẹ́ràn tí ìdajì kò sì fẹ́ rí. Ètò tó bá ní òye máa ń yan díẹ̀ nínú irú wọn, nítorí owó kékeré ló yẹ kó gba ewu tí owó ńlá ń sá fún.

Ẹni tí wọ́n yàn yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, yóò sì gba owó, bóyá lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ dúró di òpin iṣẹ́. Dídá owó dúró kì í ṣe ọgbọ́n tó dára níbi tí owó náà bá ti kéré: ẹni tí kò ní owó ọ̀dà kò lè parí iṣẹ́ kó tó gba owó ọ̀dà. Lẹ́yìn ọdún kan, yóò kọ ìjábọ̀, yóò fi fọ́tò kún un, yóò sọ bó ṣe náwó. Ní Amẹ́ríkà, owó ìrànwọ́ jẹ́ owó tó wọlé fúnni, owó orí sì máa ń kàn án. Ọ̀pọ̀ ló ti náwó tán kí wọ́n tó rántí èyí.

Bí orúkọ olùṣètò àfihàn ṣe ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ayàwòrán nínú ètò báyìí nílò àlàyé díẹ̀. Olùṣètò ni ó ń yan iṣẹ́, tó ń pinnu èyí tí yóò kọjú sí èyí, tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí òǹwòran yóò kà lára ògiri, tó sì ń wá àyè. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, iṣẹ́ oṣù ni. Níta, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ń ṣe é sì máa ń ná owó àpò ara rẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Owó kan tó dé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kan ayàwòrán mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ètò tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kì í fi wọ́n sílẹ̀.

Ní Houston, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó para pọ̀ ń pín owó Warhol ni Project Row Houses, ìtàn tirẹ̀ sì kan Yorùbá. Ní 1993, Rick Lowe àti àwọn ayàwòrán adúláwọ̀ mẹ́fà mìíràn kó ara jọ láti gba ilé pákó 22 tí wọ́n ti fẹ́ wó là ní Third Ward, wọ́n sì sọ wọ́n di yàrá àfihàn àti ibùgbé fún àwọn ọ̀dọ́ ìyá tó ń dá tọ́mọ. Ilé tóóró ni wọ́n, yàrá tò tẹ̀ lé yàrá láti iwájú dé ẹ̀yìn. John Michael Vlach, onímọ̀ nípa àṣà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ìwádìí rẹ̀ tọpa irú ilé yìí láti New Orleans lọ sí Haiti, láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ayàwòrán tó fi ojú ẹ̀yẹ wo àwọn ilé náà ṣáájú Lowe ni John Biggers, olùkọ́ ní yunifásítì Texas Southern, tí kò jìnnà síbẹ̀. Biggers náà ti jẹ nínú owó ìrànwọ́ rí: owó UNESCO ló gbé e wá sí Gánà, Tógò, Dàhómì àti Nàìjíríà ní 1957, ohun tó rí ní ìrìn-àjò yẹn kò sì kúrò nínú àwòrán rẹ̀ títí ó fi kú.

Ètò yìí ní ibi tó kù sí. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ń dá owó náà fún, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń lé ayàwòrán kúrò nídìí iṣẹ́ ni owó ilé, owó iná àti owó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo gálárì pa ní 2020, àjọ Warhol gbà bẹ́ẹ̀ lójú ayé: ó kó dọ́là mílíọ̀nù 1.6 fún àwọn ẹgbẹ́ 16 tó ń bá a pín owó nígbà náà, pé kí wọ́n fún àwọn oníṣẹ́ ọnà kí wọ́n fi jẹun, kí wọ́n sì fi sanwó ilé. Ẹni tó lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán tún máa ń borí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dán jù ú lọ. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn tí wọ́n gbà sórí fóònù dípò ìwé, ó sì yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe é.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lórí owó báyìí ti wáyé kó tó di pé a bí Southern Exposure. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti Demas Nwoko wà lára wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dúró Ládípọ̀ àti Beier ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ilé-ìwé. Ní 1964, Georgina Beier gbé ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti pákó kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tíátà Ládípọ̀. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Twins Seven-Seven ń jó. Muráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Ohun èlò, àyè àti ẹnì kan tó ń wo iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín ọdún díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom, àjọ kan tó fi Paris ṣe ibùjókòó, ni Mbari ti Ìbàdàn ti rí owó pàtàkì gbà. Ní 1966 sí 1967, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú u síta pé CIA, àjọ amí ìjọba Amẹ́ríkà, ló wà nídìí àjọ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn kò di ẹ̀tàn nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti di dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó ìrànwọ́: ta ló ni owó yìí gan-an, kí ló sì fẹ́ kí a má sọ?

Lóde òní, òkèèrè ni púpọ̀ nínú owó tó ń dé ọwọ́ ayàwòrán wa ṣì ti ń wá. Prince Claus Fund, ti orílẹ̀-èdè Netherlands, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ń fún 100 oníṣẹ́ ọnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ní owó Yúró 5,000 lọ́dọọdún láti 2021, kò sì sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe fún wọn. Ẹni tó bá gbà á lè fi sanwó ilé. Ohun tó ṣòro fún ọmọ Nàìjíríà ni kí owó náà wọlé: ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè, orúkọ orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn làwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́.

Ti àwọn olùṣètò àfihàn ni Bisi Silva, olùṣètò àfihàn ọmọ Nàìjíríà, gbájú mọ́. Ó dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Èkó ní December 2007, pẹ̀lú ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Àsìkò ní 2010, èyí tó kó ayàwòrán àti olùṣètò kiri láti Èkó dé Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa. Ó kú ní 2019. Irú ilé bẹ́ẹ̀, tó mọ ayàwòrán àdúgbò rẹ̀ lórúkọ, tó sì lè bá àjọ òkèèrè sọ̀rọ̀, ni ètò Warhol ń wá ní ìlú kọ̀ọ̀kan kó tó kówó síbẹ̀.

Ìwọ̀nba ló wà lọ́dọ̀ wa, Èkó ni wọ́n sì kó ara wọn jọ sí jù. Ayàwòrán tó wà ní Ọ̀wọ̀, Ìlọrin tàbí Kétu kì í sábà rí ẹgbẹ́ tí yóò fún un ní owó ọ̀dà, tí yóò sì wá wo ohun tó fi ṣe. Kì í ṣe owó òkèèrè nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ní àkáǹtì, wọ́n ti ní akápò àti akọ̀wé, wọ́n sì mọ ọmọ ta ló ń gbẹ́ igi ní àdúgbò wo. Iye tí wọ́n ń ná sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ ìlú lọ́dún kan ṣoṣo lè tó láti gbé àfihàn jáde.